Mo fẹ́ lọ gbá gọ́ọ̀fù létí òkun ní Scotland, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Ìbarà

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọyẹ́ yìí o. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i dáadáa torí ohun tó ti wà lọ́kàn mi látọjọ́ pípẹ́ ni. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ ẹ̀ ń gbé ní Dundee ní Scotland, wọ́n ní kí n wá lo oṣù July lọ́dọ̀ àwọn, físà ti jáde, ọkọ ọmọ mi wá sọ pé òun máa mú mi lọ gbá gọ́ọ̀fù létí òkun, àwọn pápá tí wọ́n ń pè ní links yẹn. Ó ní St Andrews ò jìnnà sáwọn, Carnoustie náà ò jìnnà, kí n ṣáà sọ èyí tó bá wù mí.

Ẹ̀yin náà mọ bí ibi tá a ti ń gbá a l'Abẹ́òkúta níbí ṣe rí, igi lọ́tùn-ún igi lósì, ilẹ̀ pupa, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tójò bá sì ti ń rọ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí náà ló máa jókòó sí. Gọ́ọ̀fù tí mo mọ̀ ò ju kí n gbé bọ́ọ̀lù sókè kó lọ balẹ̀ sórí gíríìnì, ibi koríko rírẹ́ tí ihò àti àsíá wà, kó dúró. Hándíkáàpù mi, iye tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe gbá a sí, 19 ni, mi ò sí lára àwọn ọ̀gá, mo ti lé lẹ́ni 60 ọdún, orúnkún mi ọ̀tún sì máa ń dùn mí tí ìrìn bá pọ̀. Ọdọọdún ni mo máa ń wo Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá ilẹ̀ Britain, lórí tẹlifíṣọ̀n, mo ń rí bí atẹ́gùn ṣe ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ àwọn ọ̀gá lọ́wọ́ lókè, àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹun nìyẹn o, èmi wá ńkọ́?

Kí ni kí n máa fi dánra wò láti ìsinsìnyí títí July á fi dé, ṣé kí n lọ ra ọ̀pá tuntun ni àbí èyí tí mo ní tó, nínú St Andrews àti Carnoustie èwo ni kí n mú, báwo la sì ṣe ń gba ààyè níbẹ̀? Ẹ má wo ìbéèrè mi bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, mi ò mọ̀ bóyá ààyè irú ẹ̀ tún máa yọ.

Ẹ̀gbá_Ní_Fife

Bàbá wa, ẹ kú oríire físà o. Apá Fife yìí, níbi tí St Andrews wà, ni mò ń gbé, ó ti pẹ́ díẹ̀, pápá etí òkun ni mo sì ń gbá jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń lọ bá. Ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín òkun àti oko ni links, ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ò lè rí nǹkan gidi gbìn sí, láyé àtijọ́ àgùntàn ni wọ́n ń kó lọ jẹko níbẹ̀, ehoro náà ń bá wọn jẹ koríko mọ́lẹ̀, ibi táwọn àgùntàn bá sì ti ń fara pamọ́ fún atẹ́gùn, ilẹ̀ ibẹ̀ á máa jẹ wọlé, wọ́n ní ibẹ̀ ni bọ́ńkà, kòtò oníyanrìn inú pápá, ti bẹ̀rẹ̀. Torí pé iyanrìn ni, òjò kì í dúró lórí ẹ̀, kíá ló ń fà á mu. Koríko fescue tó wà níbẹ̀ tín-ín-rín, abẹ́ ẹ̀ le, bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ ṣì máa sáré gan-an kó tó dúró. Gegele ló kún inú fẹ́wéè, ojú ọ̀nà tá a ń gbá bọ́ọ̀lù gbà lọ sí gíríìnì. Ẹ lè gbá a sáàárín gangan, kó lọ fara kan gegele kan, kó yà bàrá wọ inú igbó ẹlẹ́gùn-ún olódòdó yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní gorse, bọ́ọ̀lù tó bá sì wọbẹ̀ ẹ dágbére fún un. Inú máa bí yín. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bà yín nínú jẹ́ dé hóòlù tó kàn (láti ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ gbígbá dé inú ihò ni hóòlù kan), bí wọ́n ṣe ń gbá a látayébáyé nìyẹn, ó sì dùn mọ́ wọn débi pé lọ́dún 1457 ọba Scotland, James kejì, fòfin dè é torí àwọn èèyàn pa ọfà títa tì.

Atẹ́gùn ni olórí ọ̀rọ̀ ṣá. Old Course ní St Andrews, ẹ máa gbá a jáde lọ títí dé òpin, ẹ ó wá yí padà wálé, nítorí náà atẹ́gùn tó ń ti yín lẹ́yìn ní àlọ, iwájú ló máa kọjú sí yín ní àbọ̀. Ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ àlejò jẹ́ ni agbára. Tí atẹ́gùn bá ń kọ lù wọ́n, wọ́n á fa ọ̀pá sẹ́yìn tagbára-tagbára, wọ́n á nà án. Bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ bá nà báyẹn á máa yí sẹ́yìn kíkankíkan lókè, yíyí yẹn ló ń gbé e ga sí i, atẹ́gùn á wá bá a lókè níbẹ̀, á dá a dúró, á sọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí ò dé ìdajì ọ̀nà lójú yín. Ọ̀pá tó gùn jù ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ wá rọra gbá a. Ibi tẹ́ ẹ ti ń lo ọ̀pá áyọ̀n 8 l'Abẹ́òkúta, ẹ lè mú 6, kódà 5, lọ́jọ́ tó bá ń fẹ́ gan, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ni ọ̀pá ṣe ń gùn. Tó bá tún wá wà lẹ́yìn yín, wẹ́ẹ̀jì, ọ̀pá kúkúrú tó ń gbé bọ́ọ̀lù ga, á dé ibi tó máa yà yín lẹ́nu.

Ẹ̀yin sọ pé ẹ ti lé lẹ́ni 60. Tom Watson, ọ̀gá agbágọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, jẹ́ ẹni ọdún 59 ní pápá Turnberry ní Scotland lọ́dún 2009, díẹ̀ báyìí ló kù kó gba Open lọ́wọ́ gbogbo àwọn ọmọdé yẹn, ìgbà tí wọ́n gbá àfikún ni Stewart Cink tó borí ẹ̀. Bàbá yẹn ò gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù wọ́n lọ. Ó mọ ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí kó lè yí débi tó fẹ́.

ỌmọLáfẹ́nwá

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí mi o, ẹ ti gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà ní Old Course? Ní àsìkò July yẹn ó lé ní 300 pọ́n-ùn fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹnì kan ṣoṣo, ẹ ò tíì sanwó kádì tó máa gbé àpò, ẹ ò tíì jẹun. Ẹ ṣírò ẹ̀ sí náírà. Èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ má lọ, ilé ọmọ yín lẹ ń lọ, àmọ́ fún àwa tó kù tá à ń ka èyí, ẹ jẹ́ ká rántí pé links wà ní Áfíríkà níbí. Humewood tó wà ní Gqeberha ní South Africa, ìlú tí wọ́n ń pè ní Port Elizabeth tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òkun ni, atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn kan máa ń sọ pé Lakowe ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò gbà. Pápá tó dáa ni, ó sì rẹwà, àmọ́ adágún omi ló yí i ká, bọ́ọ̀lù gíga náà ni wọ́n ń gbá níbẹ̀.

Kádì_Àgbà

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi ò dé Scotland rí, àmọ́ àpò gọ́ọ̀fù ni mo gbé dàgbà, èjìká mi yìí mọ̀ ọ́n, ní báyìí kíkọ́ èèyàn ni mo fi ń jẹun l'Abẹ́òkúta níbí, mo wá ń ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ní Fife kọ yìí, ara mi ń yá gágá torí ohun tí wọ́n ń ṣàlàyé yẹn gan-an la fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá Ìbarà, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ bá níbẹ̀ ti wà nílẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá a báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ẹ máa rántí bràánù. Kí gíríìnì oníkoríko tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, iyanrìn la máa ń kó, a ó da kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì lé e, a ó pò ó pọ̀ títí á fi dúdú kirikiri, a ó wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ yí ihò ká, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ́ìlì yẹn ni ò ní jẹ́ kí atẹ́gùn gbé iyanrìn lọ, ni ò ní jẹ́ kójò wọ́ ọ. Táwọn ọ̀gá bá ti gbá tiwọn wọlé tí wọ́n ń lọ, àwa kádì la máa fa pákó pẹlẹbẹ lórí ẹ̀ kí ojú ẹsẹ̀ wọn lè parẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọwọ́ á dúdú, etí ṣòkòtò á dúdú, òórùn ọ́ìlì ò ní kúrò lára wa dalẹ́. Ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù látòkè sórí bràánù, á ta kọjá sínú igbó lẹ́yìn ni. Ohun tí àwọn àgbà ń ṣe ni pé wọ́n á jẹ́ kó balẹ̀ síwájú, lórí ilẹ̀ líle, á wá máa yí wọlé lọ fúnra ẹ̀. Ìgbà tí koríko dáadáa dé tí gíríìnì ń gba bọ́ọ̀lù mú ni kálukú gbàgbé, gbogbo wọn wá di wẹ́ẹ̀jì, wẹ́ẹ̀jì, mẹ́ta mẹ́rin nínú àpò kan. Ó ń dùn mí. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ báyìí, tí mo bá ní kí wọ́n fi áyọ̀n 7 gbá a wọlé láti 40 yáàdì, wọ́n á máa wò mí.

Ọyẹ́ tó ń fẹ́ lọ́wọ́ yìí ni kẹ́ ẹ lò o sà. Ilẹ̀ ti le, koríko ti gbẹ, ibi tí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ sí kọ́ ló ń dúró. Tẹ́ ẹ bá ní ó di June, òjò á ti rọ ilẹ̀, ẹ ò ní rí ibi tẹ́ ẹ máa fi kọ́ ọ mọ́. Ẹ mú áyọ̀n 7 yẹn, ẹ dúró síbi bíi 40 yáàdì, ẹ tẹ́ áńkáṣíìfù funfun sílẹ̀ ṣáájú ibi tí gíríìnì ti bẹ̀rẹ̀. Áńkáṣíìfù yẹn ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo àsíá rárá. Ẹsẹ̀ méjèèjì á súnmọ́ra, bọ́ọ̀lù á wà lọ́gangan ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọwọ́ á ṣíwájú bọ́ọ̀lù díẹ̀, ọrùn ọwọ́ ò gbọdọ̀ ṣẹ́, bẹ́ ẹ ṣe ń lo pọ́tà, ọ̀pá tá a fi ń ti bọ́ọ̀lù wọ ihò, gan-an lẹ ó ṣe lò ó. Tẹ́ ẹ bá gbá a ire, ẹ máa gbọ́ ọ tó dún kọ́ lórí ilẹ̀ pupa, eruku díẹ̀ á sọ, á fò lẹ́ẹ̀kan, á tún fò kékeré, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ ṣe é títí tẹ́ ẹ á fi mọ̀ láìwò pé eléyìí máa dúró ṣáájú, eléyìí máa kọjá. Ìgbà yẹn lẹ ó wá mú áyọ̀n 9, ẹ ó rí i pé fífò ẹ̀ pọ̀, yíyí ẹ̀ kéré, ẹ ó mú 5, ẹ ó rí òdìkejì.

Bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀ tó ń la atẹ́gùn kọjá, abẹ́ ẹ̀ka igi ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ. Ẹ wá igi kajú kan tí ẹ̀ka ẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ dúró níwọ̀n bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i, kí bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹ di ọ̀pá mú sísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀, ẹ gbá a tán kẹ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ ga kọjá àyà. Tó bá kan ẹ̀ka, ó ga jù nìyẹn, kò sí ẹni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín. Ẹ tún máa fi pọ́tà gbá a látìta gíríìnì, láti 10 yáàdì, 15 yáàdì, láàárín koríko gbígbẹ. Ọ̀pá tuntun ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, ẹ fi owó yín sápò.

Ìyá_Aládìrẹ_Ìtòkú

Ẹ ṣé gan-an Kádì Àgbà, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn wọ̀ mí lára. Bàbá Ìbarà, ẹ kú ìmúra o. Èmi lọ sí St Andrews nígbà tọ́mọ mi ọkùnrin ń gboyè jáde ní yunifásítì ibẹ̀, mo sì gbá a, nítorí náà ti obìnrin tó ti Ìtòkú dé ibẹ̀ lẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi.

Owó tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má fi ra ọ̀pá yẹn, aṣọ ni kẹ́ ẹ fi rà. Ẹ má gbọ́ pé July ni kẹ́ ẹ rò pé ooru ń bẹ. Ibẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 15 sí 20 dígíríì, atẹ́gùn òkun tún wà lórí ẹ̀, àwa tá a bá rí 24 lásìkò ọyẹ́ tá a ti ń wá sútà. Ẹ ra aṣọ òjò tó dára, tòkè tìsàlẹ̀, èyí tí kì í dún wọ̀ọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ wá mú fìlà onírun tó bo etí. Kùrukùru kan máa ń jáde látinú òkun lápá ìlà-oòrùn ibẹ̀, haar ni wọ́n ń pè é, oòrùn lè máa ràn ní Dundee kẹ́ ẹ dé etí òkun kẹ́ ẹ má rí àsíá hóòlù tó wà níwájú yín. Agbòòrùn ò wúlò, atẹ́gùn á yí i sódì.

Ti ààyè gbígbà. Old Course, wọ́n máa ń ṣe ìbò, ẹ̀yin àti ọkọ ọmọ yín lẹ máa fi orúkọ sílẹ̀, ó kéré tán ẹ gbọ́dọ̀ pé méjì, ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbá a ni wọ́n ń mú orúkọ, tí ò bá jáde ẹ tún fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Oṣù kan gbáko lẹ fẹ́ lò, ìyẹn dáa fún yín, ẹ máa fi sílẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Wọ́n máa béèrè ìwé hándíkáàpù, ẹ gbà á lọ́wọ́ kílọ́ọ̀bù yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ má fi dọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọ bàálù. Lọ́jọ́ Sunday wọn kì í gbá gọ́ọ̀fù lórí Old Course, pápá yẹn á di ti gbogbo ìlú, tajátẹran ló ń rìn lórí ẹ̀, ọmọdé ń sáré, àwọn ajá ń sáré, owó kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ lọ lọ́jọ́ Sunday kan kẹ́ ẹ tó gbá a. Ẹ rin hóòlù 18 wá sẹ́yìn, ẹ dúró lórí afárá kékeré olókùúta Swilcan yẹn, ẹ fara balẹ̀ wo bí gíríìnì kan ṣe ń gba hóòlù méjì, 2 pẹ̀lú 16, 3 pẹ̀lú 15, ẹ ṣírò ẹ̀, 18 ló ń jẹ́ nígbà gbogbo. Àsíá funfun ni ti àlọ, pupa ni ti àbọ̀, ẹ má lọ gbá a sí àsíá ẹlòmíì o.

Ọmọ mi Láfẹ́nwá, òótọ́ lo sọ nípa owó, àmọ́ kì í ṣe Old nìkan ló wà níbẹ̀. New Course wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, látọdún 1895 ló ti wà, Jubilee wà, Eden wà, owó wọn kéré gan-an sí ti Old, iyanrìn kan náà, atẹ́gùn kan náà. Ibì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Himalayas, pọ́tà nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀, gegele lórí gegele, àwọn obìnrin ló ni ín látọdún 1867, owó táṣẹ́rẹ́ lẹ máa san. Mo lo ìrọ̀lẹ́ kan níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi, inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ní July ilẹ̀ kì í ṣú kó tó di aago 10 alẹ́, ẹ ò ní kánjú.

Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọkùnrin inú ibí yìí mọ̀ pé títí di 2014, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Royal and Ancient (R&A) tó ní ilé ńlá lẹ́yìn tíì àkọ́kọ́ (tíì ni ibi tá a ti ń bẹ̀rẹ̀ hóòlù) yẹn kì í gba obìnrin wọlé ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Lọ́dún 2024 Lydia Ko ará New Zealand gba Open àwọn obìnrin lórí Old Course yẹn kan náà, nínú oṣù kan náà tó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Paris. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ láwọn ọmọbìnrin nílé, ẹ mú wọn wá sí pápá.

Àpò yín ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá máa gbé e lọ, ẹ wọ rélùwéè ní Laderin, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Agége, ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú. Láti Dundee lọ sí St Andrews, bọ́ọ̀sì ni, kò sí ibùdókọ̀ rélùwéè ní St Andrews, Leuchars ni rélùwéè ń dúró sí.

Ọmọ_Ìbarà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún ìyàwó mi, òun gan-an ló ní kí n kọ ti aṣọ òjò sílẹ̀. Kádì Àgbà, ẹ mú mi rántí bràánù, òórùn ọ́ìlì yẹn padà sí mi nímú bí mo ṣe ń kà á.

Ó ku nǹkan díẹ̀. Àwọn bọ́ńkà yẹn, lórí tẹlifíṣọ̀n mo máa ń rí i tí ọ̀gá tó ga dáadáa bá wọ inú ẹ̀, fìlà nìkan lẹ máa rí. Tí tèmi bá wọbẹ̀ kí ni ṣíṣe? Ẹ̀gbá ní Fife ò sì tíì sọ fún mi nípa Carnoustie. Orúnkún mi náà ńkọ́, ṣé wọ́n ní mọ́tò kékeré tí wọ́n fi ń gbé èèyàn kiri bíi ti àwọn pápá kan níbí?

Ẹ̀gbá_Ní_Fife

Bàbá, ẹ ṣeun. Ti bọ́ńkà ṣáájú. Àwọn wọ̀nyẹn kéré lójú, wọ́n jìn bí ẹnu kànga, wọ́n fi koríko alábẹ̀ẹ́-yẹpẹ to ògiri ẹ̀ ní ìpele ìpele lọ sókè, ó dúró ṣánṣán. Ilẹ̀ tó yí i ká sì tẹ̀ sínú, bọ́ọ̀lù tó ń yí kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ á kàn ṣẹ́rí wọlé ni. Tẹ́ ẹ bá wọ inú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ògiri iwájú. Tó bá súnmọ́ yín, ẹ gbàgbé àsíá, ẹ gbá a sí ẹ̀gbẹ́, kódà ẹ gbá a sẹ́yìn, kó ṣáà jáde lẹ́ẹ̀kan. Ìgbéraga ni ò ní jẹ́ kéèyàn ṣe é, ẹ sì wo Tommy Nakajima ará Japan ní Open 1978, gíríìnì 17 ní Old Course ló wà tó ń lo pọ́tà, bọ́ọ̀lù yí wọ bọ́ńkà ẹ̀gbẹ́ gíríìnì yẹn, ó gbá a, kò jáde, ó tún gbá a, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló gbá a kó tó parí hóòlù tó yẹ kó gbá lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀gá pátápátá ni o. Tẹ́ ẹ bá sì wò ó tẹ́ ẹ rí i pé kò lè jáde rárá, látọdún 2019 òfin gbà yín láyè láti gbé e síta, lẹ́yìn bọ́ńkà, lórí ìlà kan náà pẹ̀lú àsíá, àmọ́ wọ́n máa fi 2 kún iye ìgbà tẹ́ ẹ gbá a. Tẹ́ ẹ bá jù ú sílẹ̀ sínú bọ́ńkà náà, 1 ni. Fún hándíkáàpù 19, ẹ má tijú láti san 2 yẹn.

Carnoustie le ju St Andrews lọ, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Barry Burn ló ń lọ́ kiri níbẹ̀, àwọn hóòlù ìparí ló ń dúró dè yín sí. Lọ́dún 1999, Jean van de Velde ará Faransé débi hóòlù 18 lọ́jọ́ ìkẹyìn, tó bá gbá a lẹ́ẹ̀mẹfà péré parí hóòlù yẹn Open ti di tiẹ̀, bọ́ọ̀lù ẹ̀ bọ́ sínú odò yẹn, ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó wọ inú omi, 7 ló parí ẹ̀ sí, Paul Lawrie ló wá borí nínú àfikún. Ìmọ̀ràn tèmi ni kẹ́ ẹ má fi èyíkéyìí nínú méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Monifieth wà láàárín Dundee àti Carnoustie, links gidi ni, ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ nígbà tára yín bá ti balẹ̀. Ben Hogan gan-an, ọ̀gá ará Amẹ́ríkà, Open kan ṣoṣo ló gbá láyé ẹ̀, ti Carnoustie lọ́dún 1953, òun ló sì gbà á, àmọ́ ó ti ṣáájú dé, ó lọ ń dánra wò ní Panmure lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, torí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń lò ní Britain nígbà yẹn kéré sí ti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ náà sì ṣàjèjì sí i. Tí irú Hogan bá fàyè sílẹ̀ kí ilẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà New Course, kẹ́ ẹ máa fi orúkọ sínú ìbò Old títí yóò fi jáde.

Mọ́tò kékeré yẹn, ẹ má gbọ́kàn lé e. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, bíi máìlì 5, àfi ẹni tó bá ní ìwé dókítà níbi tí wọ́n bá gbà á. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fà wà, ẹ sì lè gba kádì, kẹ́ ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Tí mo bá jẹ́ ẹ̀yin màá gba kádì ní Old Course dandan, kì í ṣe torí àpò nìkan, ọ̀pọ̀ bọ́ńkà ibẹ̀ lẹ ò lè rí láti tíì. Bí orúnkún bá fẹ́ yọnu lọ́jọ́ kan, Balgove wà ní St Andrews náà, hóòlù 9 péré. Ìrìn tẹ́ ẹ sì ń rìn láàárín òkè Abẹ́òkúta, ti St Andrews ò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, ó tẹ́jú.

Kádì_Àgbà

Bàbá Ìbarà, mo ti ń rò ó látàná. Ẹ wá ní Sátidé, aago 7 àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ má gbé àpò odindi wá, áyọ̀n 7, áyọ̀n 5 àti pọ́tà nìkan, pẹ̀lú áńkáṣíìfù. Màá ti gba àyè sílẹ̀ fún wa lápá ibi tí koríko ti gbẹ jù yẹn. Mi ò ní gbowó ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọmọ_Ìbarà

Ẹ ṣeun sà, màá wá. Ìyàwó mi ní òun náà ń bọ̀, ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lo pọ́tà torí Himalayas tí Ìyá Aládìrẹ sọ. Ṣé kí n mú pọ́tà kejì dání fún un?

Kádì_Àgbà

Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mo ní èyí tó kúrú tó máa bá wọn mu. Kí wọ́n ṣáà wọ bàtà tí ò ní gìgísẹ̀.